Ọmọ Kàfí Kò Gbọdọ̀ Wúwo

Nínú gbogbo òyìnbó tí Kàfí mọ̀ ní Woolwich, kò sí èyí tó fẹ́ràn ààwẹ̀ Ràmàdáánì bí Adrian. Kì í ṣe pé ó fẹ́ gba ẹ̀sìn o. Adrian ni ọ̀gá Naheem, ọmọ Kàfí. Ẹṣin márùn-ún ló ní lẹ́yìn àwọn ilé ìkẹ́rùsí Nathan Way, ó ń kọ́ wọn kí wọ́n lè sáré kí wọ́n sì fo ọgbà, Naheem ló sì ń gùn wọ́n lọ́jọ́ ìdíje. Àwọn àgbà ní ẹni tó gun ẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Àwọn ẹṣin Adrian kì í jẹ́ kí òwe yẹn pẹ́ kó tó ṣẹ; níbi ọgbà kejì ni Naheem ti máa ń délẹ̀.

Ṣùgbọ́n lọ́dún 1994, ẹṣin pupa kan dé ọwọ́ Adrian tó mọ eré í sá ní tòótọ́. Àwọn tó ń ṣètò ìdíje ló máa ń sọ bí ẹni tó gun ẹṣin àti gàárì rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ wúwo tó, ìwọ̀n tí wọ́n sì sọ fún ẹṣin pupa yìí kéré jọjọ. Nígbà tí ààwẹ̀ ku ọjọ́ márùn-ún, Adrian gbé Naheem sórí òṣùwọ̀n, ó rí i pé ọmọ náà ti fúyẹ́, inú rẹ̀ sì dùn débi pé ó béèrè bóyá àwọn Mùsùlùmí ò lè fi oṣù méjì kún ààwẹ̀ wọn. Ó wá ṣèlérí. Bí Naheem bá ṣì fúyẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹta ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀, òun ni yóò máa gun ẹṣin pupa náà títí lọ, á sì di òṣìṣẹ́ tó ń gbowó oṣù. Bó bá fi ìwọ̀n pọ́n-ùn kan péré lé e, Michelle tó ń tọ́jú ilé ẹṣin ni yóò gbapò rẹ̀.

Iṣẹ́ Kàfí ni kó máa fi ṣíbí bọ́ àwọn arúgbó nílé ìtọ́jú kan ní Shooters Hill. Kò sí arúgbó tó panu dé tí Kàfí ò mọ bí yóò ṣe ṣí i. Láti ọdún mẹ́ta tí Naheem ti ń gun ẹṣin, ọmọ tirẹ̀ nìkan ló ń kọ oúnjẹ rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ń dùn ún dé eegun.

Lọ́jọ́ ọdún, òun àti Naheem gbé ìrẹsì àti ẹran díndín káàkiri ilé àwọn ará wọn ní Thamesmead. Ilé Mummy Waheedah ni wọ́n kọ́kọ́ yà. Mummy Waheedah wo Naheem látòkè délẹ̀.

"Kàfí, ọmọ yìí gbẹ bí pánlá. Àbí ẹ ò tíì ṣínu nílé yín ni?"

Uncle Yẹ̀kínì, ọkọ rẹ̀, gbé ojú kúrò lára tẹlifíṣọ̀n. "Mo rí ẹṣin yẹn last week nígbà tí mò ń deliver ní Nathan Way. Ẹṣin yẹn fresh jù ú lọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kàfí náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìtìjú ti bò ó. Mummy Waheedah gbé àwo kan kalẹ̀, ẹran mẹ́rin lórí ìrẹsì.

"Mummy, please," ni Naheem wí, "o mọ̀ pé Wednesday ni wọ́n máa weigh mi."

"O mọ̀" tó sọ yẹn, dípò "ẹ mọ̀", ló wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Wọ́n á ní òun ò bọ́ ọ, wọ́n á tún ní òun ò kọ́ ọ.

"Naheem, bó bá dá ẹ lójú pé èmi ni mo bí ẹ, jẹ ẹ́."

Naheem jẹ ẹ́. Ilé mẹ́rin mìíràn ni wọ́n yà lọ́jọ́ náà, Kàfí sì dúró tì í nínú gbogbo wọn títí tó fi jẹ àwo mọ́, kí ojú gbogbo Thamesmead lè rí i. Ó ń sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé ẹṣin tó ga tó ilẹ̀kùn, kí ni àwo ìrẹsì márùn-ún fẹ́ fi ṣe é.

Lọ́jọ́ kejì, Naheem wọ ọ̀rá dúdú tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí, ó fi aṣọ òtútù lé e, ó sì sáré gun òkè Shooters Hill lẹ́ẹ̀mẹta kí òógùn lè jáde lára rẹ̀. Ó dé, ó jókòó sínú omi gbígbóná. Kò mu omi ṣíbí kan. Láti ẹnu ọ̀nà, Kàfí ń gbọ́ bó ṣe ń bì, ìgbà yẹn ni ẹ̀rù wá bà á.

Ní Ọjọ́rú, ó gbàyè níbi iṣẹ́, ó bá wọn lọ sí pápá ìdíje. Wọn ò jẹ́ kó wọ yàrá òṣùwọ̀n, ló bá dúró síta. Naheem jáde, ó gbé gàárì lé Michelle lọ́wọ́, ó sì kọjá lára ìyá rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Pọ́n-ùn méjì ló fi lé.

Kàfí kúnlẹ̀ síwájú Adrian lórí koríko tútù. "Mr Adrian, I beg you. Na me feed am."

Adrian rò pé nǹkan rẹ̀ kan ló jábọ́. Òun náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń bá a wá a nínú koríko, ó ń béèrè bóyá yẹtí ni.

Ẹṣin pupa gba ipò kìn-ín-ní. Adrian fẹnu ko ẹṣin náà lẹ́nu, ó fẹnu ko Michelle lẹ́rẹ̀kẹ́, kí wọ́n tó kúrò ní pápá ó ti sọ fún Naheem pé kó má wulẹ̀ dé ibi iṣẹ́ mọ́.

Nígbà tí wọ́n délé, Naheem fa àga, ó jókòó sídìí tábìlì.

"Mummy, fún mi lóúnjẹ."

Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí Kàfí ti ń retí gbólóhùn yẹn. Ó bu ìrẹsì, ó fi ẹran sí i. Naheem jẹ ẹ́ tán, ó ti àwo sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ó ní kó bu sí i. Ó bu sí i. Ó tún jẹ ẹ́ tán, ó tún tì í padà.

"Naheem, ó ti tó báyìí," ni Kàfí wí. Ó gbé ìdérí lé ìkòkò.

"Kí ló dé? Mi ò níbi tí mò ń lọ lọ́la."

Kàfí ṣí ìkòkò, ó sì bu òmíràn fún un.