Omi Tí Tòyíbàt Fi Ń Fọ Adìẹ

Ọdún kejìlá rèé tí Tòyíbàt ti ń pa adìẹ tà ní Moshie Zongo ní Kumasi, kò sì sẹ́ni tó pè é ní ọ̀bùn rí. Àfi bí Hàlímọ̀, oníbàárà rẹ̀, ṣe ránṣẹ́ pé láti ìgbà tí àwọn ti jẹ adìẹ tí òun rà, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ti dá gbogbo ilé òun dùbúlẹ̀.

Orí Tòyíbàt dàrú. "Àwa náà jẹ nínú adìẹ ọjọ́ yẹn," ló sọ fún Lukman, àbúrò rẹ̀ tó ń bá a dúńbú adìẹ. "Wallahi, kò sí nǹkan tó ṣe wá!"

"Àǹtí, ọ̀tá ló wà nídìí ẹ̀," ni Lukman wí.

Tòyíbàt ò mọ èyí tí yóò gbà gbọ́. Ó ké sí Gifty, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí Kumasi, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé àyẹ̀wò. Gifty wá, ó fi òwú nu ara adìẹ tí wọ́n kọ́kọ́ fọ̀ lọ́jọ́ náà àti èyí tí wọ́n fọ̀ kẹ́yìn. Lọ́jọ́ kẹrin, ó padà dé.

"Màmá, kòkòrò tó wà lára ti àkọ́kọ́ ò tó nǹkan. Ti ìkẹyìn ló kún fọ́fọ́. Bẹ́ ẹ bá ń yọ ìfun, ìgbẹ́ inú rẹ̀ ń kán sára ẹran. Inú bàsíà omi kan náà lẹ sì ti ń fọ gbogbo wọn."

"Omi tí mo fi ń fọ̀ ọ́ ló ń bà á jẹ́?"

"Òun ni."

"Èmi tí mo jẹ ẹ́ ńkọ́?"

"Iná tẹ́ ẹ fi sè é ló pa kòkòrò yẹn."

"Àǹtí Hàlímọ̀ ò jẹ ẹ́ ní tútù kẹ̀!"

Gifty ní kó lọ bi í bó ṣe sè é. Tòyíbàt bá gba ilé Hàlímọ̀ lọ. Ó bá a lórí ẹní, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú.

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí mi, báwo lẹ ṣe sè é?"

"Ó jinná dáadáa. Mo gé e ní tútù kí n tó sè é, mo sì fi ọ̀bẹ yẹn náà, láìfọ̀ ọ́, gé kábéèjì tútù tí a fi jẹ wàákyé, ìrẹsì àti ẹ̀wà yẹn." Hàlímọ̀ wò ó. "Àbí ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é ni?"

Tòyíbàt ì bá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kó sì máa lọ. Kò lè sọ ọ́. "Ọ̀dọ̀ mi ló ti bẹ̀rẹ̀," ló wí. "Ẹ forí jì mí."

"Èmi náà ò ṣọ́ra." Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀, kò yé èyíkéyìí nínú wọn ẹni tó yẹ kó bẹ ẹnì kejì.

Láti ọjọ́ kejì, ìdí páìpù ni Tòyíbàt ti ń fọ adìẹ, lọ́kọ̀ọ̀kan, tí omi ń ṣàn kọjá. Lukman sì ń yọ ìfun lórí tábìlì ọ̀tọ̀. Síbẹ̀, Tòyíbàt máa ń tẹjú mọ́ ẹran tó mọ́ fínnífínní lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àǹtí, kí lẹ̀ ń wá?"

"Wallahi, èmi gan-an ò mọ̀. Kòkòrò yẹn ò ṣeé fojú rí."