Nọ́ọ̀tì tí Wọ́n Gbàdúrà Lé Lórí

Inú ń bí Tinúkẹ́. Wọ́n ti gbàdúrà tán níwájú ṣọ́ọ̀ṣì ní Aramọkọ, wọ́n ti ta òróró sí gbogbo ẹsẹ̀ tírélà, Elijah ọkọ rẹ̀ sì ti ń múra àtigbéra.

Ta ni kò ní bínú? Láàárọ̀ yẹn, ní Ìjerò, ojú Tinúkẹ́ ni Victor mẹkáníìkì ṣe de àwọn rímù alúmíníọ̀mù tuntun náà. Bó bá yí nọ́ọ̀tì kan le, èyí tó dojú kọ ọ́ ló ń bọ́ sí, kí rímù lè jókòó dáadáa. Ó wá kìlọ̀ pé alúmíníọ̀mù kò dà bí irin. Bí ọkọ̀ bá rìn díẹ̀, nọ́ọ̀tì lè dẹ̀. Tí wọ́n bá dé Aramọkọ, kí wọ́n jẹ́ kó tutù, kí wọ́n tún gbogbo rẹ̀ yí le. Etí gbogbo wọn ló gbọ́.

Elijah tiẹ̀ ti mú sípánà. Michael, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ni ọkọ̀, ló dá a dúró pé ohun tí a ti gbàdúrà lé lórí, a kì í tún fi sípánà kàn án, àìnígbàgbọ́ nìyẹn. Ọ̀gbẹ́ni fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá! Òun ń lọ sílé lọ jẹun ní tirẹ̀. Elijah ni yóò gbé ẹrù kòkó sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè Ẹ̀fọ̀n, níbi tí kọ́nà ti ń tẹ̀lé kọ́nà, tí ọ̀gbun sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Tinúkẹ́ gba sípánà lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ fún Michael bí ìyàwó ilé ṣe ń kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ táyà ló kúnlẹ̀ sí. Ó ki sípánà bọ nọ́ọ̀tì kan. Kò tíì lo agbára tó fi yí. Ó bọ́ sí èyí tó dojú kọ ọ́, ìyẹn náà yí wọ̀ọ̀, ó ti dẹ̀. Gbogbo ìjọ na ọrùn wò ó.

Michael wúkọ́. “Ẹ rí uṣẹ́ Olúwa. Àdúrà ti gbà. Olúwa ló fi èyí tó dẹ̀ han ìyàwó wa.”

Tinúkẹ́ gbé sípánà sílẹ̀, ó dìde.

“Ó dáa, ọkọ mi,” ló wí fún Michael. “Mo ti fi sípánà sílẹ̀. Ẹ wọlé síwájú ọkọ̀, kí ẹ jókòó ti àbúrò yín títí ẹ ó fi sọ òkè Ẹ̀fọ̀n tán.”

Michael wo inú ọkọ̀. Ó wo táyà. Ó bọ́ agbádá rẹ̀ lé Elijah lọ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ mú sípánà, ó sì bi ìyàwó àbúrò rẹ̀ léèrè nọ́ọ̀tì tó kàn.