Ibi Tí Ọwọ́ Màmá Dé

Ní ìlú wa Iloilo, ní Philippines, bí táìlì bá ti ń dán, wọ́n á ní iṣẹ́ balùwẹ̀ dára. Èmi ṣe pulọ́ńbà fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Táìlì ni mo máa ń wò kẹ́yìn.

Merlinda, tó ń tọ́jú aláìsàn ní Riyadh, ló pè mí pé kí n bá òun yẹ ṣáwà tuntun wò nílé ìyá òun, Màmá Remedios. Ẹ̀gbà ti mú apá ọ̀tún Màmá láti ọdún tó kọjá. Dolores, ìyàwó ọmọ rẹ̀, ló ń wẹ̀ ẹ́, Màmá sì kórìíra kí ẹlòmíràn máa wẹ òun dé góńgó.

"Bàbá Isko, bí Màmá bá ṣáà ti lè dá wẹ̀, ó parí," ni Merlinda wí.

Teryo tó ṣe iṣẹ́ náà fọwọ́ sọ̀yà. "Ẹ wò ó títí ojú yín á fi pọ́n, ọ̀gá. Ẹ ò ní rí nǹkan kan."

Mo fi pépà gbígbẹ nu gbogbo oríkèé páìpù. Pépà ò tutù. Mo da omi sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ gba ojú ihò lọ. Mo ṣí ẹ̀rọ omi ilé ìdáná, agbára ṣáwà ò dín. Iṣẹ́ náà mọ́, kí n má purọ́, ó sì dùn mí díẹ̀ pé n ò rí àléébù kankan.

Mo wá ní kí Màmá wọlé. Ó jókòó sórí ìjókòó sìmẹ́ńtì tí wọ́n kọ́ mọ́ ògiri. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ibi tí wọ́n ti ń ṣí omi sí. Màmá na ọwọ́ òsì kọjá àyà, kò tó o. Ó tún un nà. Dolores sáré wọlé láti bá a ṣí i, Màmá bá gbé ọwọ́ rẹ̀ sórí itan, ó ń wo ilẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí.

"Ọwọ́ ọ̀tún ni gbogbo ayé ń fi í sí," ni Teryo wí. "Dolores á máa bá wọn ṣí i."

"Ìwọ náà jókòó. Ká ọwọ́ ọ̀tún sẹ́yìn," ni mo wí fún un.

Ó rẹ́rìn-ín, ó jókòó. Ó nà, ó nà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú gbálẹ̀ kí ìka rẹ̀ tó kan án. Omi tútù dà lé e lórí, kò sì lè tì í. Dolores bú sẹ́rìn-ín.

Màmá ò rẹ́rìn-ín. "Dìde, ọmọ mi, kí òtútù má mú ọ."

Teryo dìde, omi ń kán lára rẹ̀. Kò wo ojú mi. "Mo jókòó, Màmá, kò rọrùn. Ẹ na ọwọ́ òsì yín síbi tó bá yín lára mu." Ó fi pẹ́ńsùlù sàmì sára táìlì níbi tí ìka Màmá dé. Ó mú òòlù, ó fọ́ táìlì ọ̀hún fúnra rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹfà, tí Teryo ti gbé ibi tí wọ́n ti ń ṣí omi lọ síbi àmì náà, a tún pé jọ. Màmá wọlé, Dolores tẹ̀ lé e pẹ̀lú tówẹ̀lì.

"Gbé e kọ́, kí o jáde," ni Màmá wí.

Ó ti ilẹ̀kùn. A gbọ́ tí omi ń dà, ó dá, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró sẹ́nu ọ̀nà, a ń tẹ́tí.

"Ṣé ẹ ò níṣẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe ni?" Màmá ké láti inú.

A túká.