Omi Obì Nínú Ìgò

"Ìyá, mo ti ba nǹkan jẹ́ o!"

Ràbíátù fi igi gbé wúùlù náà sókè láti inú ìkòkò tó ń hó. Wúùlù funfun múlọ́múlọ́ tó kó síná láàárọ̀ ti sún kì, ó le gbagidi bí tìmùtìmù àtijọ́. Bí wọ́n ti ń fi dáì se aṣọ òwú nílé ìyá rẹ̀ ló ṣe sè é, tó ń fi igi rò ó bí ẹní ń rokà. Ta ló sọ fún un pé irun àgùntàn àti òwú kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn?

Ìyá Yúnúsà, ìyá ọkọ rẹ̀, kò dìde. Abọ́ ńlá obì tí wọ́n ti rẹ sómi wà níwájú rẹ̀, ó ń bó awọ funfun ara rẹ̀ kúrò.

"Mélòó ló kù?"

"Ìdì kan péré, Ìyá. Bí ìyẹn náà bá bàjẹ́, Sàdíátù ò lọ mọ́ nìyẹn."

Kì í ṣe àsọdùn. Ìwé ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tí Sàdíátù, ọmọ Ràbíátù, wọlé sí ní Jọ́ọ̀sì wà lórí tábìlì: kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan mú kádígàánì búráùn dání, ẹni tí kò bá ní, kó padà sílé. Láti ìgbà tí ìjọba sì ti ti bodè, kò sí kádígàánì búráùn ní gbogbo Ṣàgámù. Ìdì wúùlù funfun méjì tó wà nísàlẹ̀ àpótí ni wọ́n gbójú lé.

Ìwé náà tún ní kí àgbàlagbà kan mú ọmọ wá. Yúnúsà ti kó obì lọ sí Kánò, oyún Ràbíátù sì ti pé oṣù mẹ́jọ. Ó ku Ìyá, Ìyá sì ti kọ̀ jálẹ̀.

"Ọwọ́ yìí ni n ó nà sí àwọn nọ́ọ̀sì?" ló wí lọ́jọ́ náà. Ogójì ọdún tó ti ń bó obì ti pa ọwọ́ rẹ̀ láró tí ọṣẹ kankan ò lè ṣí. Bó bá ń jáde, abẹ́ ìborùn ló máa ń fi í pamọ́ sí.

Nísinsìnyí, ó pòṣé. "Mo ṣáà ń kìlọ̀ fún yín pé kí ẹ má sá aṣọ sítòsí omi obì. Tó bá ta sáṣọ, téèyàn tètè fọ̀ ọ́, ó lè ṣí. Àmọ́ bí oòrùn bá ti bá a níbẹ̀, ó parí!"

Ràbíátù wo omi pupa inú abọ́. Ó wo ojú ọ̀run.

"Ìyá," ó ní, "oòrùn!"

"Oyún ti ń gun ìyàwó yìí lórí," ni Ìyá wí.

Ràbíátù rẹ ìdì tó kù sínú omi lọ́wọ́ọ́wọ́ tó fi álọ́ọ̀mù sí, irú èyí tí a fi ń mú omi kànga tòrò, kí àwọ̀ lè dì mọ́ ọn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó kó o sínú ìgò ńlá méjì tí àwọn onísọ́ọ̀bù fi ń pàtẹ bisikíìtì, ó da omi obì àti awọ rẹ̀ lé e, ó dé e, ó gbé wọn sórí páànù lẹ́yìnkùlé. Kò fi igi rò ó. Kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án.

Ọyẹ́ ń fẹ́. Lọ́jọ́ kìíní tí ìgò wà nínú oòrùn, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Ọbẹ̀ rẹ ò tíì jinná?" Ìyá bi í, ó ń rẹ́rìn-ín.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Ìyá tún wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fọwọ́ kan ìgò, ó yára fà á padà. Ó gbóná bíi tíì. Kò sí iná, kò sí èéfín, kò sí kẹrosíìnì. Síbẹ̀ wúùlù ń mu àwọ̀ níṣojú wọn, díẹ̀díẹ̀, láìpariwo. Ẹ̀rín kú lẹ́nu Ìyá.

"Sùbúhánálláhì," ó wí jẹ́ẹ́jẹ́. Láti ìgbà yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló ń yí ìgò bí oòrùn ti ń yí.

Lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n kó wúùlù jáde, wọ́n ṣan án, omi tó ń kán lára rẹ̀ sì mọ́. Ó ṣì rọ̀ múlọ́múlọ́. Búráùn ni, búráùn tó pọ́n díẹ̀ bí ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wọn lẹ́yìn òjò. Omijé bọ́ lójú Ràbíátù. Oòrùn tó ti ń ràn lé wọn lórí láti ọjọ́ tí wọ́n ti dáyé, tí wọn kì í fún ní ju èébú lọ, òun ló ṣe ohun tí iná kò lè ṣe. Ẹ̀rù Ọlọ́run bà á.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi hun kádígàánì náà. Nígbà tí Sàdíátù wọ̀ ọ́, Ìyá rìn yí i ká lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ló yọ ọwọ́ kan lábẹ́ ìborùn, ó gbé e lé apá ọmọ náà.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń wò ó. Àwọ̀ kan náà ni.

"Ìyá àgbà," Sàdíátù wí, "ọwọ́ yín ni mo gbé wọ̀ yìí."

Ìyá bọ́ ìborùn, ó ká a, ó fi lé orí àga.

"Aago mélòó," ó bèèrè, "ni ọkọ̀ Jọ́ọ̀sì máa ń gbéra?"