Kó Tú U, Kó Fọ̀ Ọ́

Ọ̀rọ̀ Ayẹni kì í gùn. Bí oníbàárà bá jókòó síwájú rẹ̀ ní sítúdíò rẹ̀ ní Bódìjà, "Àgbọ̀n" ni yóò sọ, kò ní sọ bóyá kí wọ́n gbé e sókè ni tàbí kí wọ́n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Àyọ̀ká, ìyàwó rẹ̀, ló máa ń ṣe ìyókù. Yóò yọjú láti ẹ̀yìn káńtà, yóò ní, "Ẹ má bínú o. Ohun tí ọkọ mi ń sọ ni pé kí ẹ gbé àgbọ̀n yín sókè díẹ̀. Kì í ṣe pé àgbọ̀n yín burú o, ó dáa gan-an ni." Oníbàárà á bú sẹ́rìn-ín, á tújú ká, Ayẹni á sì yà á. Bí wọ́n ṣe jọ ṣiṣẹ́ nìyẹn títí irun àwọn méjèèjì fi funfun. Ìgbà tí Àyọ̀ká wá kú nínú òjò ọdún tó kọjá, kò sí ẹni tó ń bá Ayẹni parí ọ̀rọ̀ mọ́. Òun náà kò sì kọ́ bí a ṣe ń parí rẹ̀.

Lẹ́ǹsì kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ti wà kí sítúdíò náà tó dé ayé. Òyìnbó kan tó ń palẹ̀ mọ́ lọ sílé nígbà òmìnira ló tà á fún un. Irin rẹ̀ wúwo, ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí i. Nínú gíláàsì rẹ̀, kùrukùru fẹ́ẹ́rẹ́ kan wà, bí èémí ènìyàn lára dígí. Bí Ayẹni bá fi ya ènìyàn, ìmọ́lẹ̀ á rọ̀ mọ́ etí irun àti èjìká ẹni náà, gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á yọ́ wọnú ara wọn, ojú nìkan ni yóò dá dúró. Àyọ̀ká fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo kámẹ́rà inú ilé lọ. Bó bá ti rí ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìnulẹ́ǹsì lọ́wọ́, yóò ní, "Ẹ má fọ ojú kámẹ́rà yẹn o. Òun ló mọ̀ mí." Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín, ara irin rẹ̀ nìkan ni Ayẹni ń nù.

Òun ni Folúkẹ́ wá yá.

Folúkẹ́ ní sítúdíò ní Ring Road. Ó kàwé, ọwọ́ rẹ̀ yá, kámẹ́rà onífíìmù tó ń lò sì ni irú èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tó ń fúnra rẹ̀ mú ojú ènìyàn mọ́ kedere kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́.

"Bàbá, kámẹ́rà mi ti gbọ́n jù," ó wí. "Ó ń rí ohun tí wọn ò rán an."

Ayẹni ń wò ó.

"Mo lọ ya Màmá Bọ́láwùmí ní Akóbọ̀, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì yẹn. Ìjọ wọn ló fẹ́ gbé fọ́tò wọn kọ́. Nígbà tí mo gbé e dé, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, 'Folúkẹ́, ta lo yà yìí? O fi ojú mi ya màápù Nàìjíríà. Odò Ọya nìyí, Bẹ́núé nìyí. Ibo ni Lọ́kọ́ja wà?'"

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Ayẹni. Ó gbé e mì.

"Kí lo fẹ́?"

"Ojú àtijọ́ yín yẹn, sà. Kì í ṣe èmi nìkan o, gbogbo àwa tí à ń lo kámẹ́rà tuntun la ń wá irú rẹ̀ kiri. Lẹ́ǹsì tiwa mọ́ kedere, ṣùgbọ́n kò láàánú. Tiyín láàánú. Àti pé ọwọ́ la fi ń yí i. Bí mo bá ń yí i, àfi kí n dúró de ojú ẹni tí mò ń yà kó jáde. Tèmi kì í dúró de ẹnikẹ́ni." Ó mú òrùka irin kan jáde nínú báàgì. "Wọ́n ti bá mi gé èyí. Á jẹ́ kó jókòó sórí kámẹ́rà mi."

Ayẹni mú lẹ́ǹsì náà, ó nu ara irin rẹ̀. Bí Àyọ̀ká bá wà níbẹ̀, á ti gbé e lé Folúkẹ́ lọ́wọ́.

"Má jẹ́ kó bọ́," ó wí. Ó sì gbé e fún un.

Kò bọ́ lóòótọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé kò gbà láti kúrò mọ́. Ọjọ́ tí Folúkẹ́ padà wá, òrùka irin náà ti há sára kámẹ́rà rẹ̀, lẹ́ǹsì náà wà lórí rẹ̀ gbagidi, fíìmù tó fi tún Màmá Bọ́láwùmí yà sì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á láti ṣí ẹ̀yìn kámẹ́rà náà, kí ìmọ́lẹ̀ má lọ ba fíìmù jẹ́. Ayẹni yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Kò mì.

"Gbé e lọ fún Ṣàmsúdéènì ní Dùgbẹ̀," ó wí. "Kó tú u, kó fọ̀ ọ́."

Ṣàmsúdéènì ń tún kámẹ́rà ṣe níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó sì ní yàrá dúdú kan lẹ́yìn tó ti ń fọ fíìmù. Kò sí ayàwòrán tí kò mọ̀ ọ́n. Folúkẹ́ ní, "Ó dáa, sà," ó sì lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó yà lọ́dọ̀ Ayẹni láti jábọ̀. Ayẹni ń mu tíì.

"Inú Ṣàmsúdéènì dùn gan-an, sà. Ó ní ó ti pẹ́ tí ojú yẹn ti ń wu òun láti fọ̀, ẹ̀yin lẹ ò gbà. Ó ní òun á tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ láàárọ̀ yìí. Tó bá fi máa di ọ̀sán, kùrukùru inú rẹ̀ á ti lọ, á mọ́ gaara."

Ayẹni gbé ife tíì sílẹ̀. Ó gbé e sílẹ̀ sétí tábìlì, díẹ̀ ló kù kó já bọ́.

"Fíìmù ni mo ní kó fọ̀."

"Sà?"

"Kó tú lẹ́ǹsì kúrò lára kámẹ́rà. Kó fọ fíìmù."

Folúkẹ́ gbé ọwọ́ lé àyà. "Háà, Bàbá! Ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ ní kó tú u, kó fọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo ṣe jíṣẹ́ yín."

Bẹ́ẹ̀ ló wí lóòótọ́. Nígbà ayé Àyọ̀ká, ọmọ náà kò ní tíì dé ẹnu géètì kí obìnrin náà tó sáré tẹ̀lé e: ohun tí ọkọ mi ń sọ ni pé. Ayẹni dìde. Ó gbìyànjú láti fi tẹlifóònù ilé aládùúgbò rẹ̀ pe ṣọ́ọ̀bù tó wà nísàlẹ̀ ti Ṣàmsúdéènì. Ńṣe ni tẹlifóònù náà ń pariwo bíi kòkòrò, kò lọ. Ó wọ bàtà rẹ̀, Folúkẹ́ sì tẹ̀lé e.

Kò sí epo nígboro ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Àwọn ọkọ̀ tó tò síwájú ilé epo ti dí ọ̀nà Mọ́kọ́lá pa, takisí tí wọ́n rí wọ̀ sì ní láti gba Ṣàngó. Àdìó ni awakọ̀ náà ń jẹ́. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sára ilẹ̀kùn. Ní gbogbo ibi tó bá ti ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kí epo má baà tán.

"Má pa á," Ayẹni wí.

"Bàbá, ṣé aboyún ń rọbí níbi tẹ́ ẹ̀ ń lọ ni?"

Folúkẹ́ ló dá a lóhùn láti ẹ̀yìn: "Ojú ni wọ́n fẹ́ fọ̀ ní Dùgbẹ̀, a ò sì fẹ́ kí wọ́n fọ̀ ọ́."

Àdìó wo ojú Ayẹni nínú dígí. "Ojú yín ni, Bàbá? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rí i pé mo pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀! Ṣé ọsibítù ojú wá wà ní Dùgbẹ̀ ni?"

"Ojú kámẹ́rà ni, jàre," Folúkẹ́ wí.

"Ojú kámẹ́rà!" Àdìó pòṣé. "Gbogbo ìbàlẹ̀ ọkàn mi lẹ ti gbé lọ." Ṣùgbọ́n ó tẹná mọ́ ọn.

Ayẹni kò gbọ́ ìyókù ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ. Ó ń fojú inú wo ọwọ́ Ṣàmsúdéènì, ìka tó tóbi, òwú tí wọ́n rì sínú ọtí ìfọgíláàsì. Bóyá ó ti bẹ̀rẹ̀. Bóyá àwọn oníbàárà ti dá a dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ kí ọ̀pọ̀ oníbàárà tó ń jà wà lọ́rùn Ṣàmsúdéènì láàárọ̀ yẹn. Ní Ṣàngó, ọkọ̀ kò lọ mọ́ rárá fún ìgbà pípẹ́, ó sì rí i pé òun ti di ìjókòó iwájú òun mú bí ẹni pé ọkọ̀ ń sáré.

Nígbà tí wọ́n gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù náà tán, èémí kò tó Ayẹni mọ́. Ṣàmsúdéènì jókòó sídìí fèrèsé. Ó tẹ́ ìwé ìròyìn síwájú, ó sì tò lẹ́ǹsì náà sórí rẹ̀: òrùka irin, ìdè kéékèèké, àwọn gíláàsì. Gíláàsì iwájú ti mọ́, ó ń kọ mànà. Èyí tó kù ló mú dání, òwú wà lọ́wọ́ rẹ̀ kejì.

"Dúró!"

Kò sí ẹni tó gbọ́ igbe Ayẹni rí. Òwú bọ́ lọ́wọ́ Ṣàmsúdéènì.

"Bàbá Ayẹni! Kí ló dé? Ṣé kò sí?"

"Fíìmù ni mo ní kí o fọ̀."

"Fíìmù? Àǹtí yìí ní kí n tú u, kí n fọ̀ ọ́. Wàláì, ẹ̀yin náà ẹ dá a rò. Ta ló ń tú fíìmù?" Ó nawọ́ sí kámẹ́rà Folúkẹ́ lórí pẹpẹ. "Fíìmù ṣì wà nínú rẹ̀. Mi ò fọwọ́ kàn án."

Ayẹni fa àga kan mọ́ra, ó jókòó. "Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ, fi í sílẹ̀."

"Pẹ̀lú ìdọ̀tí inú rẹ̀? Kí wọ́n lè sọ ní gbogbo Dùgbẹ̀ pé Ṣàmsúdéènì fọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ó fi ìkejì sílẹ̀?"

Folúkẹ́ ti gba gíláàsì náà. Ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó yí i díẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Bàbá," ó wí jẹ́jẹ́, "kì í ṣe kùrukùru. Ó ti bu."

"Kí ló bu?"

"Gíláàsì yìí. Bí búrẹ́dì ṣe ń bu. Ẹ wò ó, ó ti ń ta bí okùn aláǹtakùn láti etí wá sáàárín. Mo ti rí i rí lára lẹ́ǹsì ọ̀rẹ́ mi kan. Ara gíláàsì ló ń jẹ."

Ṣàmsúdéènì fa gíláàsì náà mọ́ ojú, ó kùn. "Òótọ́ ni. Mi ò lè sọ ìgbà tó máa jẹ ẹ́ tán, òjò kan, òjò méjì. Ṣùgbọ́n Bàbá, bí a ò bá fọ ojú yìí, ojú yìí á fọ́."

Ariwo ọjà ń wọlé láti ìsàlẹ̀. Àwọn méjèèjì ń wo Ayẹni, wọ́n ń dúró dè é. Kò sí ẹni tó yọjú láti ibì kankan.

"Gbogbo ìgbà tí mo bá ya Àyọ̀ká," ó wí, "ohun tẹ́ ẹ pè ní bíbu yìí ló ń wà láàárín wa. Mi ò mọ ojú rẹ̀ láìsí i. Nígbà tí àìsàn náà ti wọ̀ ọ́ lára, ó ní kí n ya òun. Mo yà á. Ó wo fọ́tò náà, ó ní òun ò mà jọ aláìsàn. Inú rẹ̀ dùn. Ó jẹun lọ́jọ́ yẹn." Ó nawọ́ sí gíláàsì náà. "Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni tí mo bá fi ojú yìí wò, ó máa ń jọ ọ́ díẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí ẹ bá fọ̀ ọ́, n kò ní rí i mọ́. Ẹ̀rù sì ń bà mí pé bí ẹ ò bá fọ̀ ọ́, ojú náà á fọ́, n kò sì ní rí nǹkan kan rárá."

Kò tíì sọ̀rọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà ìsìnkú. Folúkẹ́ ti kọjú sí ògiri.

"Alàgbà," Ṣàmsúdéènì wí, ohùn rẹ̀ ti rọ̀, "bí ẹ bá ní kí n tò ó pọ̀ bó ṣe wà, n ó tò ó pọ̀."

"Rárá." Ayẹni na ọwọ́. "Fún mi ní òwú."

"Iṣẹ́ tèmi nìyẹn, Alàgbà."

"Mo mọ̀. Fún mi."

Ó fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀. Láti àárín lọ sétí ló ń nù ún, díẹ̀díẹ̀, Ṣàmsúdéènì sì tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sábẹ́ rẹ̀ kó má baà já bọ́. Ẹ̀ẹ̀kan wà tí gíláàsì náà yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ké. Ohun tó jáde sórí òwú kò ju eérú díẹ̀ lọ. Ayẹni wo òwú náà, kò sì mọ ibi tí yóò jù ú sí.

Nígbà tí Ṣàmsúdéènì tò ó pọ̀ tán, tó sì ti fi ayùn irin rẹ́ òrùka tó há náà kó lè máa wọlé kó máa jáde, ó fi í sórí kámẹ́rà, ó gbé e fún Ayẹni. Ayẹni gbé e sójú, ó kọjú sí fèrèsé. Ó rí gbogbo fèrèsé Ilé Kòkó lọ́kọ̀ọ̀kan. Lórí àwọn páànù ìsàlẹ̀, níbi tí oòrùn ti ń kàn wọ́n, ìmọ́lẹ̀ ṣì ń rọ̀ mọ́ etí, bóyá iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó ṣe gíláàsì náà ni. Ṣùgbọ́n kò rọ̀ mọ́ ọn bíi ti tẹ́lẹ̀.

"Ṣé ó ti bàjẹ́, sà?" Folúkẹ́ béèrè.

"Mi ò tíì mọ̀. Àfi kí n fi wo ènìyàn. Ṣé ó ku fíìmù díẹ̀?"

"Ó kù, sà."

"Jókòó sídìí fèrèsé yẹn, kọjú sí mi. Má ṣe bí ẹni tó ń ya fọ́tò, ṣáà máa wò mí."

Folúkẹ́ jókòó. Ayẹni fi ọwọ́ yí lẹ́ǹsì náà. Ògiri ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà èjìká. Ó dúró. Ó tún yí i díẹ̀, ojú náà sì jáde. Ojú Folúkẹ́ ni, pẹ̀lú oorun tí kò sùn tó, pẹ̀lú omijé tí kò tíì nù tán. Kò jọ ti ẹlòmíràn kankan.

Ó tẹ̀ ẹ́.