Ọjọ́ Tí Ọkọ̀ Ojú Omi Gbé Bàbá Délé

Bọ́ọ̀sì tó gbé òkú Bàbá Zubair dúró níbi tí títì ti wọnú omi. Afárá ti rì. Imọ̀ ògùrọ̀ nìkan ló yọ síta níwájú.

Mùbàṣírù, ọmọ olóògbé, tó ń ṣe tíṣà ní Àgọ́-Ìwòyè, bọ́ sílẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni bàbá rẹ̀ kú ní ilé ìwòsàn Àbígì, ó sì fẹ́ sin ín nílé kí oòrùn tó wọ̀.

"Tíṣà, ẹ jẹ́ ká padà," dírẹ́bà wí. "Ẹ sin wọ́n s'Ábígì."

"Bàbá ní ẹ̀gbẹ́ ìyá mi ni ká sin àwọn sí."

Màmá Jedidiah, àgbà obìnrin apẹja kan tó ń tún àwọ̀n ṣe lẹ́bàá ibẹ̀, gbọ́ wọn. Ó wo aṣọ funfun tí wọ́n fi di òkú náà.

"Ẹ gbé wọn sínú ọkọ̀ mi. Mo mọ ọ̀nà."

"Màmá, ọ̀nà ti rì."

"Títì ló rì, ọmọ mi."

Màmá ń wa ọkọ̀ náà lọ jẹ́jẹ́ láàárín ògùrọ̀. Omi ò mira. Ìkùukùu sùn sínú rẹ̀, àjẹ̀ Màmá sì ń là á kọjá. Mùbàṣírù gbé ọwọ́ lé àyà bàbá rẹ̀.

"Ọjà ló wà lábẹ́ wa yìí," Màmá wí, kò bojú wẹ̀yìn. "Ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́ máa ń gbé iyọ̀ wá síbí. Ọdún tí omi kó o lọ làwọn èèyàn kó gun òkè. Títì ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bá wọn níbẹ̀ ni."

Mùbàṣírù wo ìsàlẹ̀ títí, ó dà bíi pé ó ń gbọ́ ariwo àwọn tó ń nájà.

Nígbà tí igi tán, ilé ńlá kan yọ lórí òkè: òpó mẹ́rin, ọ̀dẹ̀dẹ̀ fífẹ̀, àtẹ̀gùn tó sọ̀ kalẹ̀ wọnú omi. Mùbàṣírù fẹ́ béèrè ilé ta ni. Ìgbà náà ló rí Shukurat, àbúrò rẹ̀, tó dúró ti ààfáà lórí àtẹ̀gùn náà, tó ń sunkún.

Ilé wọn ni. Ẹ̀gbẹ́ títì ló ti ń wọ̀ ọ́ láti kékeré, láti ẹnu ọ̀nà tóóró tó wà lẹ́bàá ilé ìdáná. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń pe ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí, igi ìdáná ni wọ́n ń kó síbẹ̀. Ọdọọdún ló ń bẹ bàbá pé kó kúrò nílé tó kẹ̀yìn sí gbogbo ayé.

Wọ́n gbé bàbá gun àtẹ̀gùn. Mùbàṣírù yíjú padà, ó rí omi tó tẹ́ lọ bẹẹrẹ, tó ń dán nínú oòrùn ọ̀sán.

Iwájú ilé nìyí.