Ìwé Tí Judith Fẹ́ Fi Dáná

Lọ́dún 1994, Judith, ìyá ìjọ kan ní Igbódigò, ká ìwé ìtàn iwin mọ́ Dora, ìyàwó ọmọ rẹ̀, lọ́wọ́. Ó já a gbà.

"Onígbàgbọ́ kì í ka irọ́!"

"Màmá," ni Dora fèsì, "ṣebí ẹ kì í tìtorí dúdú ẹ̀yìn pupuru ju funfun inú rẹ̀ nù?"

Judith mú ìwé náà lọ sídìí ààrò. Ó jókòó ti iná tó fi ń yan pupuru, ìṣù ẹ̀gẹ́ tí èéfín ń sọ ẹ̀yìn rẹ̀ di dúdú, ó ya ewé kìíní sínú iná, ó ya èkejì. Ìgbà tó fẹ́ ya ẹ̀kẹta ni ojú rẹ̀ ṣèèṣì bà lé ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Iwin kan ti kànga rẹ̀ pa kí àbúrò rẹ̀ má baà pọn omi, nítorí aáwọ̀ tí kò tó nǹkan. Àbúrò ń kí i láràárọ̀, kò dáhùn.

"Ẹ wo ọ̀dájú!" ni Judith pariwo. Iná kú, kò mọ̀. Ó ń kà á, ó ń bú iwin náà títí dé ìparí ìtàn, ibi tí àbúrò ti kú, tí iwin wá ń dúró de ìkíni láràárọ̀.

Judith pa ìwé náà dé. Ọdún mẹ́ta rèé tí Títíladé, àbúrò rẹ̀, ti ń kí i ní ṣọ́ọ̀ṣì tí kò dáhùn. Gbogbo ìwàásù ìdáríjì tó ń gbọ́ níbẹ̀, ẹlòmíràn ló ń rò pé wọ́n ń bá wí.

Ó kó pupuru mẹ́ta sínú abọ́, ó gba ilé Títíladé lọ. Nígbà tó padà dé, ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún tí òun àti Títíladé jọ sun.

"Ìyàwó mi," ló wí fún Dora, "ewé méjì tí mo jó yẹn, kí ló wà nínú wọn?"